Ológbò Kò Mọ "A Dúpẹ́"

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ń sọ Faransé, níbi tí wọ́n ti bí mi, ológbò kì í jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́. Eku ni iṣẹ́ rẹ̀, eku náà sì ni owó oṣù rẹ̀. Bí ó bá ṣàìsàn, yóò wá ibi tó tutù dùbúlẹ̀ sí, yóò máa lá ara rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá, tàbí títí kò fi ní yá mọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ilé bi mí pé kí ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Àbújá, wọ́n rò pé n ó sọ̀rọ̀ títì tó fẹ̀ bí odò tàbí àwọn ilé gíga. Rárá o. Ológbò kan tó ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí òun ló jẹ́ kí n mọ bàbá mi.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò nílé, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni bàbá mi fún mi. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, títí ọkọ̀ ojú irin fi dẹ́kun láti máa kọjá nílùú wa, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó kí ó máa wọn nǹkan. Ó ní, "Máìlì ni wọ́n fi ń ka ọ̀nà lọ́hùn-ún, kì í ṣe kìlómítà. Bí wọ́n bá sọ pé ibì kan kò jìnnà, má gbà wọ́n gbọ́. Máìlì gùn." Mo dé Àbújá, mo rí i pé kìlómítà náà ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un. Ẹni tó fi ohun tó ní ta èèyàn lọ́rẹ, a kì í sọ fún un pé ó ti gbó.

Kubwa ni mo dé sí, nílé obìnrin ará Èkìtì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Mọ̀mí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì ti lọ sí Kánádà. Èmi ni mo wá ń bá a tọ́jú ilé. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé Yorùbá ni, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ibi tí wọ́n bá ti ń sọ èdè mi, ilé náà ni mo wà. Ọjọ́ kìíní ni mo mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan.

"Wọ́n ti gbé iná. Jọ̀ọ́, ọ́ọ̀nù jẹ́n, kó o wá bá mi ṣáàjì fóònù yìí," ni Mọ̀mí wí.

Mo dúró bí òpó. Yorùbá ni, mo gbọ́ orí rẹ̀, mo gbọ́ ìdí rẹ̀, àárín ló pòórá: ta ni yóò mọ̀ pé kí n tan ẹ̀rọ amúnáwá ló ń wí? Ìgbà tí tèmi náà yóò jáde, mo pe fíríìjì ní fírígò bí a ti ń pè é nílé, Mọ̀mí sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé Mọ̀mí, ará Kàdúná, ló kọ́kọ́ dúró kí mi. Ó ní "Sànnu," mo ní "Ẹ kú àárọ̀ o." Ó mi orí, ó ní "Yauwa" ni kí n máa dáhùn. Bí mo ṣe fi ìkíni Haúsá bẹ̀rẹ̀ ayé mi láàárín àwọn Yorùbá Àbújá nìyẹn.

Ohun tó gún mi lọ́kàn jù ni pé kò sí ẹni tó ń kí ẹnìkejì rẹ̀ délẹ̀. Kí ojú tó mọ́, gbogbo èèyàn ti sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì ní títì márosẹ̀, kí wọ́n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí wọ́n bá padà dé nírọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ wọ́n, ọwọ́ ni wọ́n ń jù síra wọn. Nílé wa, bí o bá ju ọwọ́ sí àgbà, wọ́n á ní ta ni o ń lé bí adìyẹ. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èmi àti ológbò ni.

Olóyè ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Mọ̀mí ló fi í sílẹ̀ kó tó lọ sí Kánádà. Ó tóbi, ó pupa rúsúrúsú, orí tìmùtìmù ló máa ń jókòó sí bí ẹni tó fẹ́ dá ẹjọ́. Kò pẹ́ tí mo dé ni mo rí i pé omi tó ń mu ti pọ̀ jù. Ó ń mu, ó ń tọ̀, ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù. Mọ̀mí gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Wúsè, mo bá wọn lọ kí n lè gbé agbọ̀n rẹ̀. Dókítà ibẹ̀, obìnrin ará Kàbbà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

"Ìtọ̀ ṣúgà ni," ó ní.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi rín in. Mo yára pa ẹnu mi dé, nítorí mo mọ àìsàn yẹn dáadáa. Ó mú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó kú. Mi ò mọ̀ pé ó ń mú ológbò ni.

Ọwọ́ Mọ̀mí máa ń gbọ̀n, ó sì ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, nítorí náà èmi ni Dókítà kọ́. Ó ní kí n fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ di etí Olóyè mú kí ẹ̀jẹ̀ lè sún wá síbẹ̀. Kí n wá gún un ní bèbè etí, kì í ṣe lórí iṣan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ tó orí abẹ́rẹ́, kí n fi ẹnu páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ṣúgà kàn án, yóò fà á mu fúnra rẹ̀. Nọ́ḿbà tó bá yọ, kí n sọ fún un lórí fóònù, òun yóò sọ ìwọ̀n oògùn tí n ó fún un.

"Bó bá lọ sókè, kò burú títí, a ó máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀," ó ní. "Sísàlẹ̀ ni kó o bẹ̀rù. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ ọgọ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á ṣubú. Fi oyin pa á ní èrìgì, kó o sáré pè mí."

Ó rọrùn lẹ́nu Dókítà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Olóyè ya mí láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo gún un, ẹ̀jẹ̀ kò yọ. Mo tún un gún, ó yọ, ó gbọn etí, ẹ̀jẹ̀ fọ́n sí ara ògiri ilé ìdáná tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Bí mo ti ń ṣe é ni mo ń wí pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ náà fà á mu, ó kà, ó dún pín-ín, nọ́ḿbà sì yọ: ó lé díẹ̀ ní irínwó. Nọ́ḿbà burúkú ni, ṣùgbọ́n mo jó yí ilé ìdáná po. Láti ìgbà tí mo ti dé Àbújá, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe tí kò sí ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà yìí ti wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbé e sókè àti ohun tó ń fà á wálẹ̀. Bó bá jẹ ẹja tí a fi sínú ọbẹ̀, ó ń lọ sókè. Bó bá lé aláǹgbá kiri ẹ̀yìnkùlé, ó ń wálẹ̀. Ìgbà tí a gbé e padà lọ sí Wúsè, nọ́ḿbà rẹ̀ ga fíofío, bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dára nílé.

"Ẹ̀rù ni," ni Dókítà wí. "Ẹ̀rù náà ń gbé ṣúgà sókè, pàápàá lára ológbò."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn lọ sílé. Mo ń rò ó pé bí ẹnì kan bá wọn ẹ̀jẹ̀ tèmi nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí mo dé, kí ni ì bá rí níbẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú, bí Mọ̀mí bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo máa ń pe ilé. Ẹni tó bá mọ bàbá mi mọ̀ pé ìkíni rẹ̀ kì í yá parí. Yóò béèrè gbogbo ẹni tó wà nínú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò rí rí.

"Mọ̀mí yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Bàbá."

"Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ńkọ́?"

"Ó pè lánàá."

"Ọlọ́dẹ ńkọ́?"

"Ó wà, ó ní kí n kí yín."

"Ta ló tún kù?"

"Ó ku ológbò, Bàbá. Ara rẹ̀ kò yá. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é."

Mo gbọ́ tí ó gbé fóònù kúrò létí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. "Ológbò! Ṣé kọfí ló ń mu ni?"

Bàbá mi gan-an ló ń mu kọfí. Ṣúgà onígun ló ń kó sí i, ó ń tò ó sínú ife bí ẹni ń mọlé. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, tó ń bá a gbé, gba fóònù, ó gbé e jáde síta.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èèrà ń tò síbi tí Bàbá ń tọ̀ sí," ó ní. "Ọgbẹ́ tí ọkọ́ dá sí wọn lẹ́sẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò tíì jinná. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ síbi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn."

Mo ní kó gbé fóònù padà fún Bàbá.

"Bàbá, ara ńkọ́?"

"Ara le. A dúpẹ́."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ "a dúpẹ́" yẹn. Ó wí i nígbà tí rélùwéè dáwọ́ dúró. Ó wí i lọ́jọ́ kẹjọ tí ìyá wa kú. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, mi ò ní kò dára. Èèyàn kì í sọ ẹrù rẹ̀ lé ẹni tó kí i lórí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jìnnà sílé, "a dúpẹ́" a máa dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn. Bí mo bá wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, n ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ sí balùwẹ̀. Láti Kubwa, etí nìkan ni mo ní. Olóyè kò mọ "a dúpẹ́". Bó bá dùn ún, á ké, á bú mi, nọ́ḿbà á sì yọ. Mo wá mọ ara ológbò olólógbò ju ara ẹni tó bí mi lọ. Ìyẹn dùn mí gan-an.

Mi ò bá Bàbá jà. Ẹni tó bá bá bàbá mi jà, kì í rí i mú. Ìtàn Olóyè ni mo ń sọ fún un. Mo sọ bí aṣọ gbígbóná ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀, mo sọ pé ẹ̀rù ń gbé ṣúgà sókè. Ó di pé òun náà ń béèrè kí n tó sọ.

"Olóyè ńkọ́? Mélòó ló ní lónìí?"

"Igba àti àádọ́ta, Bàbá."

"Ó wálẹ̀ nìyẹn. Kí ló jẹ?"

Ọ̀rọ̀ rélùwéè ló padà sí i lára, ìgbà tó ń wo ojú ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá kó fi kún iná tàbí kó dín in. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo rìn lọ sí ẹ̀bá ibùdókọ̀ ojú irin Kubwa, níbi tí ọkọ̀ tó ń ti Ìdú lọ sí Kàdúná ti máa ń dúró. Bàbá wà lórí fóònù. Nígbà tí ọkọ̀ náà fọn fèrè, mo na fóònù sókè kí Bàbá lè gbọ́ ọ. Mo gbé e padà sí etí. Ó ní, "Ìyẹn lọ ní àkókò." Ó ní, "Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀." Àárò ilé mú mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo rí àyè. Mo ní, "Bàbá, Olóyè kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sá mọ́. Bó bá gbọ́ ìró ìkòkò omi, fúnra rẹ̀ ló ń wá jókòó."

"Kò sá?"

"Kò sá, Bàbá. Ológbò lásán-làsàn."

Ó pòṣé. Ó ní kí n kí Mọ̀mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí, ohun tí kò ṣe rí. Ohùn rẹ̀ ń dún bí ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Mo ti lọ! Wọ́n gún mi lọ́mọ ìka. Gíráàmù méjì lé, kò tilẹ̀ pé mẹ́ta! Olóyè yín ní igba, ó ní irínwó, èmi, méjì!"

"Bàbá! Kí ni nọ́ọ̀sì wí?"

"Ọmọdé ni. Ó ní ó pọ̀, ó ní kí n padà wá gba oògùn. Mo ní ta ló pọ̀? Mo mọ ẹni tó ní irínwó tó sì ń lé aláǹgbá."

Ayọ̀ gbé mi. Mo sọ fún Mọ̀mí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo bu ẹran méjì sí oúnjẹ mi lálẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti di etí Olóyè mú ni ìrònú kan ṣàdédé wọlé. Dókítà ní bí ológbò bá já sí ìsàlẹ̀ ọgọ́ta, á ṣubú. Báwo ni ẹni tó ní méjì ṣe dúró tó ń pariwo lórí fóònù? Ẹni tó ní méjì, ó yẹ kó ti kú. Mo wo ẹ̀rọ náà títí, bí ẹni pé yóò bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo dé Wúsè ni mo bi Dókítà.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gíráàmù ni bàbá ẹ wí?" Kò dá a lójú fúnra rẹ̀, ó yọ fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. "Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nílẹ̀ yín ló yàtọ̀ sí tiwa. Ọ̀kan tiwọn, ọgọ́rùn-ún tiwa ni. Bí wọ́n bá ní méjì lé tó fẹ́ pé mẹ́ta, ó fẹ́ pé ọ̀ọ́dúnrún nìyẹn."

"Bíi ti Olóyè?"

"Bíi ti Olóyè. Jẹ́ kí wọ́n tètè padà lọ o."

Mo gbé agbọ̀n Olóyè lórí itan nínú tákísí dé Kubwa, mi ò mọ ibi tí a gbà. Èmi ni mo fi ológbò tàn án lọ fún àyẹ̀wò, ológbò náà ló sì fi dá ara rẹ̀ láre báyìí. Bí mo bá sọ pé ó ṣì í kà, ojú á tì í, á sì ti ilẹ̀kùn pátápátá. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ yẹn kò sì ní dúró de ìtìjú ẹnikẹ́ni.

Mo pe Bàbá. Mo jẹ́ kó kí gbogbo ilé tán.

"Bàbá, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò nílé? Ẹ ní máìlì ni wọ́n ń lò níbí, kìlómítà ni tiwa."

"Mo wí i. Ọ̀nà kan náà ni, nọ́ḿbà rẹ̀ ni kò dọ́gba. Ṣé o ti wá rí i?"

"Mo ti rí i, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ. Bí wọ́n ṣe ń ka ṣúgà náà nìyẹn. Ọ̀kan tiwa, ọgọ́rùn-ún tiwọn ni."

Mo ń gbọ́ adìyẹ nílé wa, mo ń gbọ́ ẹni tó ń gúnyán lọ́ọ̀ọ́kán. Mo mọ̀ pé ó ń ṣírò ni, nítorí bí ó bá ń ṣírò, á máa mí gba imú.

"Ọ̀ọ́dúnrún dín díẹ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi àti ológbò wà lójú ìlà kan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òun sì ń gba abẹ́rẹ́."

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

"Hẹn-ẹn," ó ní. Ó pa fóònù láìkí Mọ̀mí, láìkí ọlọ́dẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nìyẹn, mo sì jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, mi ò mọ̀ bóyá mo ti bà á jẹ́. Olóyè wá fi orí gbo ẹsẹ̀ mi. Oúnjẹ ló ń wá.

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Àbẹ̀kẹ́ kò gbé ìpè mi. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, mo dúró kí Mọ̀mí jáde, mo tẹ nọ́ḿbà ilé. Bàbá mi gbé e. Ó béèrè Mọ̀mí, ó béèrè ọmọ Kánádà, ó béèrè ọlọ́dẹ. Ó béèrè Olóyè, mo ní ó ti wálẹ̀ sí igba. Ó ní ó ṣe dáadáa.

Ó wá kàn mí láti béèrè. "Bàbá, ara ńkọ́?"

Mo ń retí ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀. Kò wá.

"Méjì àti ìdajì," ó ní. "Oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, wọ́n ní bóyá n kò ní í gba abẹ́rẹ́. Wọ́n wẹ ọgbẹ́ náà. Àbẹ̀kẹ́ ti kó gbogbo ṣúgà onígun mi pamọ́."

"Ẹsẹ̀ náà ńkọ́?"

Ó tún mí gba imú, bí ẹni ń ṣírò.

"Ó ń dùn mí," ni bàbá mi wí. "Ẹsẹ̀ náà ń dùn mí gan-an, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo wá ohun tí n ó sọ, ìyẹn tí mo ti ń sọ fún ológbò láràárọ̀ ló wà lẹ́nu mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," mo ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́."